Owó Oṣù Abẹ́ Ibùsùn

Ẹja tó ti kú kì í gbọ́ àlàyé. Àrínọlá mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí kò fi bá ẹja sọ ohunkóhun nígbà tó ṣí fìrísà rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítòsí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ní àárọ̀ Sátidé náà. Ó kàn ti imú bọ inú rẹ̀, ó fà á símú díẹ̀ bí ìyá tó ń gbọ́ òórùn ẹnu ọmọ, ó sì yára dé e padà kí òtútù tó ṣẹ́kù má baà sá jáde. Títúsì tó wà nísàlẹ̀ ṣì le. Kótè ti ń rọ̀. Ní ti ṣáwá, ojú tó fi ń wo Àrínọlá jẹ́ ojú ẹni tó ti gba kádàrá.

"Báwo ni wọ́n ṣe wà?" Àkàngbé ọkọ rẹ̀ béèrè láti orí ibùsùn nínú yàrá, bí ẹni tó ń béèrè àlàáfíà àwọn àna rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n kí yín," Àrínọlá dáhùn. "Wọ́n ní bí iná kò bá dé títí ìrọ̀lẹ́ òní, àwọn ń bọ̀ wá bá yín lórí ibùsùn yẹn."

Láti Ọjọ́rú ni iná ti lọ nínú ilé Alàájì Múrítàlá ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Gbogbo àdúgbò ló ní iná. Ilé wọn nìkan ló ṣókùnkùn. Wáyà tó ń gbé iná láti orí òpó wọ ilé ló dún pàù ní ọ̀sán gangan, tó rú èéfín, tó sì já sílẹ̀ bí ìrù aláǹgbá. Gbogbo owó òwò Àrínọlá ló sì wà nínú fìrísà náà. Bí ẹja yìí bá fi lè bàjẹ́, òwò parí nìyẹn, oúnjẹ ilé náà sì parí pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé owó oṣù ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè jẹ.

Abẹ́ ibùsùn ni owó oṣù ọkọ rẹ̀ wà.

Àkàngbé ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ wáyà kan tó ń jẹ́ Ìmọ́lẹ̀, ní Iganmu. Nígbà tí wáyà òkè òkun olówó pọ́ọ́kú kún ọjà, tí ẹnikẹ́ni kò ra ti Ìmọ́lẹ̀ mọ́, ọ̀gá ibẹ̀ kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó ní owó kò sí, ṣùgbọ́n wáyà wà. Kí oníkálukú gba wáyà dípò owó oṣù, kí ó lọ tà á. Ọjọ́ tí Àkàngbé kọ́kọ́ gbé ìdì wáyà wọlé, ó pòwe fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Àrínọlá wo wáyà náà títí. Ó ní òun ti gbọ́, ọbẹ̀ wo ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́?

Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí Àrínọlá kò gbé wáyà dé. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ onígàrí. Onígàrí ní kí ó máa gbé e lọ, òun kì í ṣe òpó iná. Ó gbé e sínú igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ń gba ọrẹ wo ara wọn lójú, wọ́n sì fi orin bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé Motọ́lání, ọmọbìnrin wọn, gbà á lẹ́ẹ̀kan dípò owó ilé ìwé, ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀kejì ó ní ilé ìwé òun kò ní ògiri tó ṣẹ́kù mọ́. Wáyà ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Wáyà ni wọ́n fi ń sá aṣọ. Wáyà ni Motọ́lání fi ṣe okùn bàtà. Èyí tó bá kù, abẹ́ ibùsùn ló ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ibùsùn náà sì ń ga sí i ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, títí ó fi di pé ẹni tó bá fẹ́ sùn nínú yàrá Àkàngbé, gígùn ló ń gun orí ibùsùn.

Lóṣù yìí, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tán ní Ìmọ́lẹ̀. Wáyà dúdú tó nípọn bí àtàǹpàkò ni wọ́n pín, irú èyí tí wọ́n fi ń fa iná láti orí òpó wọ inú ilé. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣe é sá aṣọ pàápàá. Èyí tó kan Àkàngbé tilẹ̀ ní kókó kan lára, níbi tí rọ́bà ti ṣùjọ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dúró lójijì. Kò sí ẹni tó fẹ́ gba ìdì náà níbi iṣẹ́, ni Àkàngbé bá ní kí wọ́n gbé e fún òun, pé ọmọ tó lábùkù, ọmọ náà ni. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ibùsùn bí ejò tó gbé ọ̀pá mì.

"Irú wáyà tí ilé yìí ń fẹ́ gan-an nìyí," ni Àrínọlá wí, ó fi ẹsẹ̀ tì í. "Ẹ gbé e fún Alàájì kí wọ́n fà á, kí ẹja mi lè sinmi."

"Ó ti wà lọ́kàn mi," Àkàngbé dáhùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí ibùsùn bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin.

Sátidé ìparí oṣù ni, ọjọ́ ìmọ́tótó, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn ní títì títí aago mẹ́wàá yóò fi lù. Gbogbo ayálégbé ló wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà, wọ́n sì ń to ẹrẹ̀ dúdú rẹ̀ jọ sí etí ibẹ̀ de mọ́tò ìdọ̀tí tí kì í wá. Alàájì Múrítàlá tó ni ilé jókòó sórí àga, ó gbé ìdì wáyà tuntun lé itan bí ẹni gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Jalamíà funfun rẹ̀ wà nínú báàfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ láti ìdájí.

"Ẹ wá wò ó," ni ó ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé ṣọ́bìrì kọjá. "Àná ni mo rà á. Ítálì."

Bébà dídán kan wà lára ìdì náà. Àwòrán ilé gogoro kan wà lórí bébà ọ̀hún, ilé náà sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọ̀mùtí.

Christianah, ọmọge tó ń ṣerun fún àwọn obìnrin ní iwájú ilé, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Àrínọlá, gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ àwòrán náà. "Alàájì, ilé yìí mà ń ṣubú lọ."

"Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Ọ̀làjú ni."

"Àwọn tí kò lè gbé ilé nàró, ṣé àwọn ló máa gbé iná nàró fún wa?"

"Christianah, gbálẹ̀."

Àkàngbé ṣan ọwọ́ rẹ̀, ó súnmọ́ wọn, ó kí Alàájì, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ wáyà Ítálì. Àtàǹpàkò náà wọlé bí ẹni tẹ mọ́ínmọ́ín.

"Alàájì, ẹ má bínú. Rọ́bà lásán nìyí. Bàbà tó wà nínú rẹ̀ kò tó irun imú. Èyí tó jó lọ́jọ́rú, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n."

"Irọ́ ni. Èyí tó jó, àwòrán ẹyẹ ló wà lára tiẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n gbé tèmi jáde. Ó wà nínú yàrá. Mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Èmi fúnra mi ni mo tẹ orúkọ sí i lára."

Ohun tí Àkàngbé fi ń yangàn láyé nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ sára wáyà ni wọ́n fi í sí ní Ìmọ́lẹ̀. Gbogbo wáyà tó bá fẹ́ jáde síta, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá, íǹkì funfun a sì tò sára rẹ̀ pé ÌMỌ́LẸ̀, NÀÌJÍRÍÀ, ÌMỌ́LẸ̀, NÀÌJÍRÍÀ, títí tí wáyà yóò fi tán. Bí Àkàngbé bá bá ẹnikẹ́ni wọ ilé tuntun kan, ara ògiri ni yóò máa wò, bóyá yóò rí orúkọ tó sọ ọmọ rẹ̀.

Alàájì Múrítàlá wò ó láti òkè délẹ̀. "Àkàngbé, èmi kì í bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n wáyà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi san owó oṣù fún ènìyàn, ẹkún ló ń sun, òun lo fẹ́ kí n fà wọ ilé mi?"

Ẹ̀rín bú jáde láti etí gọ́tà títí dé ilé ìdáná. Ẹnìkan tilẹ̀ fi ṣọ́bìrì na ilẹ̀. Àrínọlá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ọkọ rẹ̀ nínú yàrá. Kò mọ̀ bí ó ṣe máa ń rí létí bí ará ìta bá sọ ọ́.

Ojú Àkàngbé pọ́n. "Ó dáa, Alàájì. Mo ti gbọ́. Láti òní lọ, wáyà Ìmọ́lẹ̀ kò ní gbé iná wọ ilé yìí níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí mi bá wà. Mo fi orúkọ bàbá mi búra."

"Èmi náà fi Ọlọ́run búra," Alàájì dáhùn, "wáyà Iganmu kò ní kan òrùlé mi."

Bí aago mẹ́wàá ti lù ni Àkàngbé jáde lọ ta dráfù nídìí àwọn tó ń lẹ táyà ní ìkòríta. Kò jẹun kó tó lọ. Òótọ́ ni pé kò sí oúnjẹ tí ì bá jẹ, ṣùgbọ́n ó rìn bí ẹni tó kọ oúnjẹ.

Àrínọlá padà sídìí fìrísà. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọkùnrin kan búra, ọkùnrin kejì búra. Ẹja nìkan ni kò búra, òun sì ni ọjọ́ ń lọ lórí rẹ̀.

Nígbà tó gbójú sókè, Alàájì ló dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ti wọ fìlà, ó sì gbé ìdì wáyà rẹ̀ dání. "Ìyá Motọ́, mò ń lọ wá Benjamin oníṣẹ́ iná wá. Wọ́n ní ó wà ní Ìdí-Àràbà, ó ń ṣe iná fún àwọn nọ́ọ̀sì. Bá mi ṣọ́ wáyà mi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ohun ẹlẹgẹ́ ni."

"Mo gbọ́, Alàájì. Mo máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹni pé tèmi ni."

Ó sì jẹ́ kí Alàájì rìn dé ibi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ló kan ilẹ̀kùn Christianah.

"Omi tí o fi ń nu àwọ̀ èékánná dà?"

"Àsítóònù? Ó wà. Èékánná ta ni?"

"Gbé e wá. Èékánná rẹ̀ gùn díẹ̀."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n wọ́ ìdì wáyà Ìmọ́lẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn, ibùsùn náà sì rọ̀ wá sílẹ̀ pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn. Christianah wo wáyà náà, ó wo Àrínọlá, ó wo ìgò tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ̀rín má baà gbé e ṣubú.

"Ìyá Motọ́, ẹ fẹ́ pa ọkọ yín."

"Èmi kọ́ ni mo fẹ́ pa á. Ebi ló fẹ́ pa á, mo ń bá wọn làjà. Nù."

Wọ́n nù ún. Òwú di dúdú lọ́wọ́ wọn. Christianah ń kọrin sábẹ́ imú bó ti ń nù. Bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń lọ ni Àrínọlá ń rí Àkàngbé nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, tó tẹ̀ ba, tó fi ojú kan ṣoṣo wò ó bóyá lẹ́tà náà dúró dáadáa. Ó dà bí ẹni pé ó ń fi òwú nu ojú, imú àti ẹnu ọkọ rẹ̀ kúrò lára àwòrán. Ó fẹ́ dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan. Òórùn ṣáwá bá fẹ́ wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tún òwú mú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí bébà dídán náà kúrò lára wáyà Ítálì, wọ́n sì fi we èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù orúkọ rẹ̀. Ilé gogoro náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wò wọ́n.

"Ó kù síbì kan," ni Christianah wí, ó fi imú fa wáyà náà. "Ẹja ló ń rùn. Ọwọ́ yín ni. Wọn kì í ta títúsì ní Ítálì bóyá." Ó wọ yàrá rẹ̀, ó gbé lọ́fíńdà jáde, ó sì tú u sára ìdì náà yíká. "Ohun òkè òkun, òórùn la fi ń mọ̀ ọ́n."

Wáyà Ítálì gidi ló wá di ìṣòro. Wọn kò lè jù ú sí gọ́tà, ọjọ́ ìmọ́tótó ni, gọ́tà mọ́. Wọn kò lè gbé e sábẹ́ ibùsùn, Àkàngbé mọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ bí olùṣọ́ àgùntàn. Christianah ló ronú jinlẹ̀, tó ní ohun tí ènìyàn bá fẹ́ fi pa mọ́ nínú ilé yìí, kó kàn sá aṣọ sórí rẹ̀. Wáyà Ítálì náà rọ̀, ó sì ṣe é so. Wọ́n so ó láti ara igi ìbẹ́pẹ sí ara òpó balùwẹ̀, lórí gọ́tà gan-an, wọ́n sì sáré kó aṣọ lé e: ìró Àrínọlá, yẹ̀rì Christianah, kaba ilé ìwé Motọ́lání. Ta ni yóò wo okùn aṣọ ní ilé tí wáyà ti di okùn bàtà?

Alàájì padà dé pẹ̀lú Benjamin, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi púláyà sí àpò ẹ̀yìn. Alàájì kọ́kọ́ rí okùn tuntun náà, ó fún jalamíà rẹ̀ nínú báàfù, ó sì fúnra rẹ̀ sá a sí àárín gbùngbùn, níbi tí oòrùn pọ̀ sí. Àrínọlá la ẹnu, Christianah sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ẹ gbọ́ òórùn," ni Alàájì wí nígbà tó gbé ìdì wáyà náà. Ó pa ojú dé. "Òórùn ilẹ̀ òkèèrè nìyí. Ó tilẹ̀ dà bí pé ó wúwo ju ti àárọ̀ lọ."

"Ọ̀sán ti pọ́n, Alàájì," Christianah dáhùn. "Ebi ń pa yín."

Benjamin gé orí wáyà náà, ó bó rọ́bà rẹ̀. Bàbà pupa rẹ̀ yọ jáde, ó nípọn, ó ń dán. Benjamin dúró. Ó wo bébà ilé gogoro, ó wo bàbà, ó tún wo bébà. "Alàájì, láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi kò tíì rí ti Ítálì tó..."

"Benjamin," Àrínọlá dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu jẹ́jẹ́, "mo ní títúsì kan nínú ilé tó ń béèrè rẹ. Ó ní bí o bá yára fa iná wá, òun fẹ́ bá ẹ délé."

Benjamin wo ojú rẹ̀. "Ṣé ó tóbi, mà?"

"Ó sanra ju ìwọ lọ."

"Ítálì ni, Alàájì," ni Benjamin wí, ó sì gun òpó.

Iná dé kí oòrùn tó yẹ̀ lójú ọ̀run. Àwọn ọmọdé pariwo "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà" débi tí àwọn ará ilé kejì, tí iná kò kúrò lọ́dọ̀ wọn rí, fi bá wọn pariwo. Fìrísà Àrínọlá gbọ̀n, ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Àrínọlá dì mọ́ ọn. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìdérí rẹ̀, kò sì bìkítà ẹni tó ń wò ó.

Ariwo náà ló gbé Àkàngbé wálé. Ó wọlé, ó rí iná, ó wo wáyà dúdú tó gba ojú ọ̀run kọjá wọ abẹ́ òrùlé, ó gbé àga síta, ó sì jókòó pẹ̀lú ẹ̀rín kékeré. Ó ń dúró de èéfín.

"Ẹ tan gbogbo nǹkan," ni Alàájì ń pariwo nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù."

Wọ́n tan fáànù, wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ki áyọ́ọ̀nù bọ ògiri. Christianah gbé ẹ̀rọ ìgbẹrun rẹ̀ lé orí ara rẹ̀, kò tilẹ̀ ní irun tútù. Àkàngbé ń wo òkè. Èéfín kò wá. Ó yí àga padà kí ó lè rí i dáadáa. Èéfín kò wá. Ẹ̀rín kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń gbẹ lára ilẹ̀.

Alàájì wá dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, kò sí ìjà nínú ohùn rẹ̀ mọ́, àánú ló wà níbẹ̀, ìyẹn sì burú jù. "Àkàngbé, ṣé o rí i? Má jẹ́ kó dùn ẹ́. Lọ sọ fún ọ̀gá yín kó wá àyè lọ sí Ítálì, kó lọ kọ́ṣẹ́. Èèyàn kì í dàgbà jù láti kọ́ṣẹ́."

"Ẹ ṣeun, Alàájì," ni Àkàngbé wí.

Àsìkò yẹn ni okùn aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Kò já. Ì bá sàn kó já. Ó kàn ń fà ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọbẹ̀ ilá, ìró, yẹ̀rì àti kaba sì ń bá a bọ̀ nílẹ̀, jalamíà funfun sì ṣíwájú wọn nítorí pé òun ló wúwo jù. Gbogbo ilé dúró wò ó. Kò sí ẹni tó sáré, ó dà bí ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ dá dúró. Ìdí jalamíà kọ́kọ́ kan ẹrẹ̀ gọ́tà tí wọ́n tò jọ láàárọ̀, ó kúnlẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì jókòó.

Alàájì na ìka sí i. "Ẹ wò ó. Ẹ wá wo wáyà Iganmu. Kò lè gbé aṣọ, iná ló fẹ́ gbé."

Ẹ̀rín tún bú. Àkàngbé dìde. Ó rìn lọ sídìí okùn náà láti gbèjà rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò wọlé bí ẹni tẹ mọ́ínmọ́ín. Ó gbé ìró ìyàwó rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó ka ohun tó wà níbẹ̀: ÍTÁLÌ. Ó gbójú sókè lọ́ra, ó fi ojú tọ wáyà tuntun láti orí òpó wá, títí ó fi dé abẹ́ òrùlé, nítòsí fèrèsé Christianah. Kókó kan wà lára rẹ̀ níbẹ̀, níbi tí rọ́bà ti ṣùjọ.

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wo fìrísà. Christianah bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ ibi tó ti gbá láàárọ̀.

"Kí lo rí?" Alàájì béèrè.

Àkàngbé la ẹnu. Àrínọlá mọ ohun tó wà nínú ẹnu náà. Bí ó bá sọ ọ́, àwọn méjèèjì ti búra, Alàájì yóò ní kí Benjamin gun òpó kó gé wáyà náà lójú ẹsẹ̀, fìrísà yóò sì dákẹ́. Bí kò bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ "ẹ wá wo wáyà Iganmu" ni yóò wà nínú ilé yìí títí ayé. Àrínọlá kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ṣí ìdérí fìrísà díẹ̀, tó fi jẹ́ pé òtútù funfun kékeré kan yọ jáde láti inú rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Àkàngbé wo òtútù náà.

"Mo rí i pé okùn náà kò dára, Alàájì," ni ó wí. "Ẹ má bínú. Màá bá yín fọ jalamíà."

Ó fọ̀ ọ́. Ó lo ọṣẹ púpọ̀. Nígbà tó parí, Àrínọlá ti dín títúsì kan, òun nìkan ló wà nínú àwo, orí àti ìrù, ó sì gbé e síwájú rẹ̀ nínú yàrá. Àwọn àgbà ní ẹnu tó bá jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo. Wọn kò sọ ti títúsì, ṣùgbọ́n ó jọ pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń bá lọ, nítorí Àkàngbé jẹ orí ẹja náà tán kó tó sọ̀rọ̀.

"O pa orúkọ rẹ̀ rẹ́."

"Mo pa á rẹ́."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Àsítóònù Christianah."

Ó jẹ díẹ̀ sí i. "Íǹkì wa kì í tètè kúrò."

"Kò tètè kúrò," Àrínọlá dáhùn. "Ọwọ́ ń ro mí."

Ó dà bí ẹni pé ìyẹn tù ú nínú díẹ̀. Ó jẹ ìrù náà. Ó fọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ìgò íǹkì funfun kékeré kan jáde, èyí tó fi máa ń kọ orúkọ Motọ́lání sára bàtà ilé ìwé, ó mú ìyẹ́ adìyẹ kan, ó sì lọ bá Alàájì.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi ní àkàsọ̀ yín."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Eruku wà lára wáyà yín, mo fẹ́ nù ún."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Alàájì lára. "Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ nìyẹn, Àkàngbé. O kì í jowú. Nù ún dáadáa, ohun òkè òkun ń fẹ́ ìtọ́jú."

Oòrùn ti ń wọ̀. Àrínọlá di àkàsọ̀ mú nísàlẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì wà lókè, orí rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé, ó tẹ̀ ba, ó fi ojú kan ṣoṣo wò. Láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, fìrísà ń kùn. Jalamíà funfun wà lórí ìloro Alàájì, omi ń kán lára rẹ̀. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro Àrínọlá níbi tó di àkàsọ̀ mú, ẹ̀fọn sì ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ máa bọ̀ nílẹ̀," ni ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Alàájì ń wò wá. Ṣé ẹ kò tíì kọ ọ́ tán ni?"

"Mo ti kọ Ìmọ́lẹ̀," Àkàngbé dáhùn láti òkè. "Dì í mú dáadáa. Ó ku Nàìjíríà."